Dókítà Tó Fẹ́ Tẹ Àdúgbò Dó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kémta

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1859, Aláké Òkúkẹ́nù fi àmì ọwọ́ rẹ̀ sí ìwé kan ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe òun nìkan. Orúkọ Ṣomóyè Baṣọ̀run wà níbẹ̀, ti Ṣókẹ́nù wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ògúnbọ̀nà, Balógun Ìkìjà, àti ti Atambálà. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn jẹ. Ọdún mẹ́jọ péré ṣáájú ìgbà náà ni Ẹ̀gbá lé Dáhọ̀mì padà lẹ́nu odi Àró. Àwọn méjì tí wọ́n bá ṣàdéhùn lọ́jọ́ yìí ti ìhà kejì òkun wá, ara wọn dúdú bíi tiwọn, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ dókítà.

Martin Robison Delany ni dókítà náà ń jẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìwé yẹn, ó ti wọ aṣọ ológun, ó ti di Méjọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, òun sì wà lára àwọn adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní irú ipò bẹ́ẹ̀ láti máa pàṣẹ fún àwọn oníbọn. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ lókè òkun a máa sáré kọjá lórí Abẹ́òkúta, bí ẹni pé ó kàn yà síbẹ̀ mu omi ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí ọkùnrin yìí wá dé ọ̀dọ̀ wa ni ó tún ń wá nígbà tó gbé idà, òun náà ló sì wá títí ó fi kú: ilẹ̀ tí wọn ò ní lé òun àti àwọn ènìyàn òun kúrò lórí rẹ̀.

Charles Town ní Virginia ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1812. Ẹrú ni Samuel bàbá rẹ̀. Pati ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹrú. Ipò ìyá sì ni òfin ibẹ̀ fi ń mọ ipò ọmọ, èyí ló jẹ́ kí Martin jẹ́ ọmọ òmìnira látinú oyún. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Frances Rollin kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní 1868, nígbà tí Delany fúnra rẹ̀ ṣì wà láyé, ó sì wí níbẹ̀ pé Shango lorúkọ bàbá ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé etí àwọn kan ti là báyìí. Ẹ fara balẹ̀: ọmọ ọba Màǹdíńgò ni Rollin pe bàbá náà, kò pè é ní ará Ọ̀yọ́, mi ò sì ní torí orúkọ kan ṣoṣo fà á wọ agbo ilé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní Virginia ìgbà náà, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí adúláwọ̀ kọ́ ìwé. Alárìnkiri kan tó ń ta ọjà ló ta ìwé A-B-D fún àwọn ọmọ Pati, ni wọ́n bá ń kọ́ ọ ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú síta, ìyá wọn kò dúró gba ẹjọ́. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ ní 1822, ó sá gba Pennsylvania lọ, níbi tí òfin kò ti ní fi ìwé kíkà mú wọn.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Martin nígbà tó fi ẹsẹ̀ rìn gba orí òkè kọjá lọ sí Pittsburgh. Lóde òní ìlú ńlá ni, ṣùgbọ́n lọ́dún 1831 ẹnubodè ni. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń lọ ìwọ̀ oòrùn lọ wá ilẹ̀ tuntun ti ń ra ẹrù ìrìn-àjò, èéfín irin bo ojú ọ̀run, àìsàn sì ń bá àwọn èrò wọlé. Ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà kan, Andrew McDowell. Ohun tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe jù ni fífa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, kí ó gbé ìkòkò kékeré gbígbóná lé ẹ̀yìn, kí ó fi eṣúṣú mu ẹ̀jẹ̀ ibi tó wú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ nínú ọjà wa kò tíì kásẹ̀ ńlẹ̀, nígbà náà sì rèé, bẹ́ẹ̀ ni dókítà funfun náà ṣe ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó yẹ kí a fi wọn ọkùnrin náà ni ọdún 1854. Onígbáméjì dé sí Pittsburgh, ọ̀pọ̀ dókítà sá fi ìlú sílẹ̀. Delany dúró.

Kó tó dìgbà náà, ó ti lọ wá ìmọ̀ sí i. Ní 1850, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard gba adúláwọ̀ mẹ́ta wọlé, òun, Daniel Laing àti Isaac Snowden. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ funfun kan gbé ìwé ẹ̀hónú lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́: wọn ò lè bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jókòó. Nígbà tí sáà òtútù parí, wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má padà wá mọ́. Oliver Wendell Holmes, tí òun náà jẹ́ dókítà àti akéwì tí gbogbo ayé ń yìn, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà lákòókò yẹn. Delany padà sílé láìgba oyè. Ìwé tó kọ jáde ní 1852 kò fi ẹ̀dùn ọkàn pamọ́: ó ní kí àwọn ènìyàn òun wá ibòmíràn lọ, torí Amẹ́ríkà kò ní í ka wọn sí ọmọ bíbí inú rẹ̀ láéláé.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òun àti Catherine ìyàwó rẹ̀ sọ ọmọ kan ní Toussaint L'Ouverture, ajagunṣẹ́gun Haiti. Òmíràn ń jẹ́ Alexandre Dumas, òmíràn ń jẹ́ Rameses Placido, ọmọbìnrin wọn sì ń jẹ́ Ethiopia. Frederick Douglass, tí wọ́n jọ ṣe ìwé ìròyìn North Star láti 1847, a máa sọ ọ́ pé òun ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó dá òun ní ènìyàn, ṣùgbọ́n Delany ní tirẹ̀ ń dúpẹ́ pé ó dá òun ní ènìyàn dúdú.

Ní 1856, ó kó ẹbí rẹ̀ lọ sí Chatham ní Kánádà. Ẹnubodè mìíràn nìyẹn. Àwọn ẹrú tó sá kúrò ní oko ní gúúsù Amẹ́ríkà ń dé síbẹ̀ pẹ̀lú egbò lẹ́sẹ̀ àti àpá pàṣán lẹ́yìn, dókítà náà sì ń tọ́jú wọn. Láàárín wọn ló ti gbọ́ ohun tí ìwé kankan kò lè kọ́ ọ. Ní 1858, òyìnbó kan tó ń jẹ́ John Brown, tó fẹ́ fi ìbọn dá àwọn ẹrú sílẹ̀, ṣe ìpàdé àṣírí ní Chatham, Delany sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa so Brown kọ́ ní oṣù Kejìlá 1859, Abẹ́òkúta ni dókítà náà wà.

Ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ló wọ ìlú. Ó bá Robert Campbell níwájú, ọmọ Jamaica tó jẹ́ olùkọ́ ní Philadelphia, tí wọ́n jọ rán níṣẹ́ láti wá ilẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀ tó bá fẹ́ ṣí wá. Ẹ wo bí ìlú ṣe rí lásìkò náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún yẹn gan-an ni Ìwé Ìròyìn ti Henry Townsend, míṣọ́nnárì òyìnbó, jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ń ṣe òwú, wọ́n ń dì í ránṣẹ́ sí Manchester. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone, ti kọ́lé síbẹ̀. Delany rí òwú náà, ojú rẹ̀ là: bí adúláwọ̀ olómìnira bá lè gbin òwú ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kí ó sì tà á fún Gẹ̀ẹ́sì ní owó pọ́ọ́kú, ta ni yóò tún ra ti àwọn olóko ẹrú ní Amẹ́ríkà? Dókítà ni, ó mọ̀ pé bí a kò bá gé gbòǹgbò àrùn, ewé rẹ̀ á tún hù.

Ẹsẹ mẹ́rin péré ló wà nínú ìwé àdéhùn náà, gígùn rẹ̀ kò ju lẹ́tà lásán. Aláké àti àwọn olóyè gbà pé àwọn tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè tẹ̀ dó níbikíbi lórí ilẹ̀ Abẹ́òkúta tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì gbà, kí wọ́n sì jọ máa gbé pẹ̀lú Ẹ̀gbá. Ẹjọ́ àárín ara wọn, kí wọ́n máa dá a láàárín ara wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ àgbẹ̀ tí wọ́n bá kó wá, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òfin Ẹ̀gbá, bí ọ̀rọ̀ bá sì kan tọ̀tún-tòsì, kí wọ́n yan iye ènìyàn kan náà láti apá méjèèjì kí wọ́n parí rẹ̀. Samuel Crowther, ẹni tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ṣe ẹlẹ́rìí. Ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ sì tún ṣe ẹlẹ́rìí.

Àwọn òǹkọ̀wé tí mo ti kà máa ń wo ìwé yìí bí ohun àjèjì, wọn a ní ó ya àwọn lẹ́nu pé Aláké fún àlejò ní ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ láti dá ẹjọ́ ara wọn. Ẹni tó bá mọ Kémta kò yẹ kí ó yà lẹ́nu. Bí ẹ bá ń gba Ìdí-Àbà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ lónìí, ẹ ó rí àwọn ilé tó jọra tí wọ́n kọ́, tí wọ́n fi orúkọ Kémta pè. Ṣùgbọ́n Kémta ti wà kí bíríkì tó dé. Ìlú kan ni nínú igbó Ẹ̀gbá kí ogun tó tú u ká. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn ènìyàn wá sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, àwọn ará Kémta kò fi orúkọ wọn sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Wọ́n gbé e dé, wọ́n gbé Ògbóni wọn dé, wọ́n gbé olórí ogun wọn dé, wọ́n sì jókòó gẹ́gẹ́ bí Kémta láàárín Ẹ̀gbá Aláké. Ohun tí Aké ṣe, ohun tí Ìjeùn, Ìporo àti Ìgbórè ṣe náà nìyẹn. Nígbà tí Òwu dé lẹ́yìn, wọ́n fún àwọn náà láyè. Olúkúlùkù ń dá ẹjọ́ abẹ́lé rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá kan ìlú méjì, àwọn àgbà ìhà méjèèjì á jókòó.

Ẹ padà lọ ka ẹsẹ mẹ́rin yẹn. Kì í ṣe òfin òyìnbó ló wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí Kémta gbà wọ Abẹ́òkúta ni wọ́n kọ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí Òkúkẹ́nù rò pé òun ń ṣe, lójú tèmi, ni pé ìlú mìíràn tí ogun tú ká tún ti dé ẹnu odi, ó kàn jẹ́ pé òkun ló la kọjá ni. Bí wọ́n bá ti wá, wọn ì bá ní àdúgbò tiwọn, ọjà tiwọn, àti Balógun tiwọn. Nítorí nígbà náà, kò sí àdúgbò Ẹ̀gbá tí kò ní ológun, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó ń sanwó oṣù fún wọn. Ẹni tó bá lè gbé ìbọn a máa tẹ̀lé olórí ogun tó bá wù ú. Ta ni ì bá jẹ́ Balógun àdúgbò Amẹ́ríkà bí kò ṣe dókítà yìí?

Ìwé náà kò tọ́jọ́. Townsend kò fẹ́ ẹ rárá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́tàlá tó ti ń ṣiṣẹ́ láàárín Ẹ̀gbá, kò sì wù ú kí àwọn adúláwọ̀ tó kàwé, tí kì í ṣe abẹ́ ìjọ rẹ̀ ni wọ́n wà, wá di olùgbani-nímọ̀ràn láàfin. Ó ń sọ ọ́ káàkiri pé Aláké kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ilẹ̀ tọrẹ. Òótọ́ ni pé ọba Ẹ̀gbá kò lè ta ilẹ̀. Ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ti ààfin. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ó tà á? Ẹ wá ọ̀rọ̀ títà nínú ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ò ní rí i. Títẹ̀dó ló wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí a fún ènìyàn ní ibi tí yóò máa gbé àti kí a ta ilẹ̀ fún un, ọmọ Ẹ̀gbá ọlọ́dún mẹ́wàá mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fi máa di 1861, ìròyìn ti dé Lọ́ńdọ̀nù pé Aláké ní òun kò fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀. Ogun Ìjàyè sì ti bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀gbá wà nínú rẹ̀ dé ọrùn. Ní oṣù Kẹjọ 1861 Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní 1862 Òkúkẹ́nù wàjà. Ìwé wo lẹ fẹ́ kó là á já?

Delany ti kúrò ní Èkó ní oṣù Kẹrin 1860. Ìrìn-àjò rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ti gbé e dé Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ìròyìn tó sì kọ jáde lẹ́yìn náà kún fún ohun tí dókítà ń wò: ibà àti ìtọ́jú rẹ̀, oúnjẹ, omi, bí ilẹ̀ ṣe rí. Lọ́nà tó ń padà lọ, ó yà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, ọkọ Ọbabìnrin Victoria jókòó sórí àga alága ní àpérò àgbáyé àwọn onímọ̀ ìṣirò. Lord Brougham dìde, ó yíjú sí aṣojú Amẹ́ríkà, ó ní kí ó kíyè sí i pé adúláwọ̀ kan wà láàárín àwọn tí a pè. Delany dìde, ó dúpẹ́, ó sì fi yé wọn pé ènìyàn ni òun. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Aṣojú kan láti gúúsù Amẹ́ríkà, Longstreet, bínú jáde. Kí wọ́n tó dé ọdún kan lẹ́yìn náà, gúúsù yẹn àti àríwá ti gbé ìbọn sí ara wọn.

Láti 1863 ni ìjọba àríwá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba adúláwọ̀ sí iṣẹ́ ogun ní pàtàkì. Dókítà náà gbé àpò egbòogi rẹ̀ kọ́, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì, ó ń pe àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n fi ara wọn sílẹ̀. Toussaint ọmọ rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ 54th Massachusetts, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Bí 180,000 adúláwọ̀ ló jagun náà kó tó parí. Wọ́n ń san dọ́là mẹ́tàlá lóṣù fún sójà funfun. Mẹ́wàá ni wọ́n ń san fún dúdú, wọ́n sì ń yọ mẹ́ta kúrò níbẹ̀ fún aṣọ. Apá kan nínú wọn kọ owó náà pátápátá, wọ́n ń jà lọ́fẹ̀ẹ́, títí ìjọba fi tún un ṣe ní 1864. Ẹ̀gbá ìgbà Ṣódẹkẹ́ ì bá mọ irú wọn.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Bí ó bá jẹ́ ipò nìkan ni Delany ń wá, ọ̀nà rírọrùn wà nílẹ̀. Alexander Augusta, adúláwọ̀ tó kọ́ ìṣègùn ní Toronto, ti di Méjọ̀ ní 1863, gẹ́gẹ́ bíi dókítà ológun. Delany ì bá tẹ̀lé e. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì 1865 ó wọ ọ̀dọ̀ Ààrẹ Lincoln, ohun tó sì gbé síwájú rẹ̀ ni pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun dúdú sílẹ̀ tí ọ̀gá dúdú yóò máa darí, kí wọ́n rán an wọ àárín gúúsù, kí àwọn ẹrú lè rí i, kí wọ́n dà sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan náà ní orúkọ rẹ̀: Balógun ni ó fẹ́ jẹ, pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́yìn. Lincoln fẹ́ràn rẹ̀, ó kọ̀wé lé e lọ́wọ́ sí minisita ogun. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti fi í jẹ Méjọ̀, wọ́n sì ní kí ó lọ máa kó ọmọ ogun jọ ní Charleston, ní South Carolina.

Kò jagun kankan. Ní oṣù Kẹrin, gúúsù túúbá. Ní ọjọ́ 14 oṣù yẹn, wọ́n gbé àsíá sókè padà ní Fort Sumter, Delany wà níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n yìnbọn pa Lincoln.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún un lẹ́yìn ogun ló tún dá a padà sórí ilẹ̀. Wọ́n fi í sí Hilton Head, láàárín àwọn erékùṣù etíkun tí àwọn ẹrú àná ti ń dáko, lórí ilẹ̀ tí ọ̀gágun Sherman ti pín fún wọn ní oṣù Kìíní 1865. Ní oṣù Keje ó bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn sọ̀rọ̀ ní St. Helena: kí wọ́n di ilẹ̀ mú, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi wọ́n ṣiṣẹ́ lásán. Ọ̀gá funfun kan tó jókòó gbọ́ ọ fi ìbẹ̀rù kọ̀wé sí àwọn tó rán an wá. Kò pẹ́ tí Ààrẹ tuntun, Andrew Johnson, fi gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà padà fún àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní ọba kò lè fúnni nílẹ̀. Ní South Carolina, ọ̀gágun fúnni, ààrẹ gbà á.

Ìyókù ayé rẹ̀ kò dùn gbọ́, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wọ òṣèlú, ó ṣe adájọ́ kékeré ní Charleston, wọ́n dá a lẹ́bi jìbìtì, wọ́n tún dárí jì í. Ní 1876, ó ti Wade Hampton lẹ́yìn, ọ̀gágun gúúsù àná, àwọn adúláwọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bínú sí i gidigidi. Mo rò pé wọ́n jàre. Ní 1878, nígbà tó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó tún dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ra ọkọ̀ ojú omi Azor láti kó èèyàn lọ sí Liberia. Owó tán. Ó padà sídìí iṣẹ́ dókítà, ó sì kú ní Wilberforce, Ohio, ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1885.

Campbell ní tirẹ̀ padà wá. Ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ dé Èkó ní 1862, ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní ọdún kejì, Èkó náà ló sì kú sí.

Ibojì Delany wà ní itẹ́ òkú Massies Creek. Òkúta kékeré tí ìjọba fi ń sin sójà ni wọ́n gbé lé e lórí, wọ́n sì ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. Ọdún 2006 ni wọ́n tó ri òmíràn tó tọ́ síbẹ̀, òkúta dúdú tí wọ́n gbé wá láti Áfíríkà, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ Méjọ̀ lára rẹ̀.